Láti Grammar School dé Daytona: Ẹ̀kọ́ Nípa Àwùjọ àti Ọmọ Ṣómólú òun Bàrígà

Ẹni tó bá gba ojú títì Bajulaiye kọjá ní Ṣómólú lọ́jọ́ iṣẹ́, etí ni yóò kọ́kọ́ fi mọ ibi tó wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ró gìdìgìdì nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, òórùn yíǹkì òun kẹrosíìnì ń ta síni nímú, ọmọ iṣẹ́ ń ru bébà gba àárín kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò ni ohun tí ìwé náà jẹ́ bí a bá kó o jọ: kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà olóṣèlú, ìwé ìléwọ́ ìsọjí, káàdì àjọ, ìwé ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Bí ẹnìkan bá lè fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pamọ́ nínú ohun tí Ṣómólú tẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, ìgbé ayé Èkó lọ́dún náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tó kú, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó ń wá ìbò, ohun tí àwọn ènìyàn ń gbààwẹ̀ lé lórí, àti iye tí oníṣòwò lè dá lóòjọ́.

Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ nìkan tó ìwé kà. Àwòrán ta ló tóbi jù? Ta ni wọ́n fi sí apá ọ̀tún ọba, ta ni wọ́n sì tì sí ìsàlẹ̀ pátápátá tí ojú rẹ̀ kò ju èékánná lọ? Obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n sì kọ sábẹ́ orúkọ wọn? Kí ló dé tí àwòrán ọmọ ìlú tó ń gbé Houston fi ga ju ti ẹni tí kò fi ìlú sílẹ̀ rí? Kò sí èyí tí atẹ̀wé dá ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ṣèpàdé lórí rẹ̀, wọ́n ti dáwó lórí rẹ̀, ẹlòmíì ti lè bínú kúrò lẹ́gbẹ́ nítorí rẹ̀, kó tó di pé ó dé iwájú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ètò agbára ìlú kan lórí bébà kan ṣoṣo.

Irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ nípa àwùjọ.

Àmọ́ ní agbègbè yìí kan náà, bí ọmọ bá délé tó sọ pé ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ìyẹn Sociology, lòun fẹ́ lọ kà, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu bàbá ni pé, “Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?” Ìyá á wo ọmọ lójú, á ní, “Ṣé máàkì ẹ ò tó ti Law ni?” Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn òbí wọ̀nyí ṣẹ̀sín. Ẹni tó ń fi owó ẹ̀rọ tàbí owó ẹja rán ọmọ nílé-ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí owó òun yóò dà. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti dá bàbá yẹn lóhùn, kó sì dá a lóhùn pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé, pàápàá ìtàn ọmọ Èkó kan tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Bàrígà lónìí.

Kí a tó dé orí ìtàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ iye ènìyàn wà nílẹ̀ ná. Ọdún 2006 ni wọ́n ka orí àwọn ará Nàìjíríà gbẹ̀yìn. Èsì tí àjọ ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde sọ pé àwọn tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, tí Bàrígà wà nínú rẹ̀, lé díẹ̀ ní 402,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dún náà, ohun tí wọ́n rí ni 1,025,123. Fún ìpínlẹ̀ lápapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ní ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Èkó ní 17,552,942. Òpópónà kan náà, ilé kan náà, ọdún kan náà, iye kan ní Ṣómólú sì ju ìlọ́po méjì èkejì lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n ní ìṣèlú ni, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìṣèlú wà níbẹ̀: iye orí wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó láti Àbújá, òun náà ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá fẹ́ pín àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ nípa àwùjọ kì í dúró síbẹ̀. Yóò béèrè ẹni tí wọ́n kà sí ará ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó tó háyà yàrá ní Bàrígà, ṣé Bàrígà ni wọ́n kà á sí àbí ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́? Ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń lọ sùn ní Ìkòròdú, ta ló bá a nílé? Àwọn tó wọkọ̀ lọ sí ìlú wọn kí wọ́n lè kà wọ́n níbẹ̀, mélòó ni wọ́n? Nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ènìyàn méje sùn sínú ọ̀kan, ṣé ẹni tó ṣílẹ̀kùn sọ iye wọn fún àjèjì tó mú bírò dání, àbí ó bẹ̀rù pé onílé yóò gbọ́?

Ìbéèrè wọ̀nyí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ìṣirò wà níbẹ̀, ìṣèlú wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ajé wà níbẹ̀, jọ́gíráfì wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó nílò ẹni tó gbọ́ èdè tó sì lè wọlé kí ènìyàn kó gbà á láyè. Ẹni tó kọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò mọ ìyókù yóò dáhùn ìdá kan nínú mẹ́fà.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó bá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mu, tí wọ́n ń pè ní liberal arts college. Lédè tiwa, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ gbogbo ni orúkọ tó bá a mu. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti pọ̀ jù. Wọn kì í tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju ẹgbẹ̀rún méjì tàbí mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ọmọ kì í yan ẹ̀kọ́ tó máa fi gboyè lọ́jọ́ tó wọlé. Ní nǹkan bí ọdún méjì àkọ́kọ́, yóò ka ìtàn, yóò ka ìṣirò, yóò ka lítíréṣọ̀, yóò kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè, yóò wọ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, kó tó wá sọ pé ìmọ̀ ìṣèlú ni tòun, tàbí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Kíláàsì kéré débi pé olùkọ́ mọ ẹni tí kò kàwé wá. Kíkọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ àròkọ, olùkọ́ ń fi yíǹkì pupa dá a padà, akẹ́kọ̀ọ́ ń tún un kọ.

Ní Nàìjíríà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún ló ń fi ìka kan tẹ fọ́ọ̀mù JAMB ní káfè kan lójú ọ̀nà Pẹ́dírò, ohun tó bá sì tẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi máa mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́rin.

Ẹni tó bá rò pé ohun Amẹ́ríkà nìkan ni ìmọ̀ gbogbo, kó rìn dé ẹnu géètì CMS Grammar School ní Bàrígà. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther àti bàbá Herbert Macaulay, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Erékùṣù Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó padà di Nàìjíríà. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1959, ó kó wá sí Bàrígà. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n ìjiyàn tí wọ́n ń pè ní Logic, Gíríìkì, Látìn, ìṣirò, jọ́mẹ́tìrì, jọ́gíráfì, ìtàn àti ìmọ̀ Bíbélì. Macaulay fúnra rẹ̀ ti gba Fourah Bay kọjá ní Sàró, níbi tí Crowther ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1827. Nítorí náà, ọmọ mẹ́fà yẹn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Ohun kan kò sí nínú àkójọ náà: Yorùbá. Gíríìkì wà ńbẹ̀, èdè tí àwọn ọmọ náà ń sọ bí wọ́n bá délé kò sí.

Aliu Bàbátúndé Fáfúnwá gba ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọjá nígbà tó ṣì wà ní Erékùṣù. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Èkó. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ilé-ẹ̀kọ́ Ahmadiyya ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ parí ẹ̀kọ́ girama láàárín àwọn onígbàgbọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ń wo Lọ́ńdọ́nù nítorí Law, Amẹ́ríkà lòun kọrí sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Daytona Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida, ló gbà á: Bethune-Cookman.

Ìtàn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó kà síwájú ọmọ Bàrígà èyíkéyìí tó rò pé ilé olówó nìkan ni ìmọ̀ ti ń jáde. Mary McLeod Bethune, ọmọ àwọn tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú rí, ló dá a sílẹ̀ ní 1904. Dọ́là kan ààbọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin márùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1923, ó dà pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Cookman. Nígbà tó fi di 1941, ó ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún mẹ́rin tó ń fúnni loyè nínú ìmọ̀ gbogbo àti iṣẹ́ olùkọ́. Ilé ìyá náà wà nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1955.

Ibẹ̀ ni Fáfúnwá ti gboyè ní 1950 nínú ìmọ̀ àwùjọ àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbà á pẹ̀lú ìyìn. Ó yẹ ká ronú lórí ohun tó túmọ̀ sí láti kọ́ nípa àwùjọ ní Florida lákòókò náà. Òfin ló ń sọ ibi tí aláwọ̀ dúdú lè jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì, ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ lè lọ, ẹnu ọ̀nà tó lè gbà wọ ilé ìjẹun. Ohun tí olùkọ́ bá ṣàlàyé nípa ẹgbẹ́, ẹ̀yà àti agbára láàárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́sàn-án. Kò sí bí ẹ̀kọ́ náà ṣe lè di ohun àkọ́sórí nìkan. Fáfúnwá ti ibẹ̀ lọ sí Yunifásítì New York, ó gba oyè kejì ní 1951, ó gba ọ̀mọ̀wé ní 1955, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́.

Àwùjọ àti èdè: ohun méjì tó kà pa pọ̀ ní Daytona ni kò fi sílẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní 2010. Kí ọmọ máa kọ́ ẹ̀kọ́ ní èdè tí kò gbọ́ nílé, kí ló ń ṣe fún ọpọlọ rẹ̀, kí ló sì ń ṣe fún àwùjọ tó bí i? Onímọ̀ èdè nìkan lè má béèrè apá kejì ìbéèrè yẹn. Onímọ̀ àwùjọ nìkan lè má béèrè apá àkọ́kọ́.

Ní 1970, nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí ayé kò tíì gbàgbé. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ford Foundation ló sì fowó tì í lẹ́yìn. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ìyá ẹlẹ́ja ní Ìlàjẹ ti Bàrígà. Wọ́n kó àwọn ọmọ kan sí kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ wọn ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Wọ́n kó àwọn ọmọ mìíràn sí kíláàsì tó ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Wọ́n wá ń fún àwọn méjèèjì ní ìdánwò.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ìwé kò sí, wọ́n ní láti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ fún ohun tó wà nínú sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò tó, wọ́n ní láti wá a, kí wọ́n gbé e fún olùkọ́, kí wọ́n wò ó bóyá ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò gbọ́ ọ yé. Onímọ̀ èdè jókòó ti onímọ̀ ìṣirò, àwọn méjèèjì jókòó ti tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì kejì. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù fún wọn.

Gbogbo òbí ní Nàìjíríà ló ní èrò lórí èdè tí ó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọmọ. Fáfúnwá kò fi èrò tirẹ̀ ja àwọn ẹlòmíì níyàn lásán. Ó gbé kíláàsì méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó dúró ọdún mẹ́fà, ó wọ̀n ọ́n. Bí bàbá kan ní Bàrígà bá tún béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ṣe, ọ̀kan nìyí, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ohun tí Modákẹ́kẹ́ ti dán wò ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ko ìpinnu yìí, àti ẹni tó bá fẹ́ gbè é lẹ́yìn, irú ẹ̀rí tí wọ́n fara balẹ̀ kó jọ ní Modákẹ́kẹ́ ló yẹ kí àwọn méjèèjì mú wá. Ta ni yóò kó o jọ nínú ilé-ìwé Bàrígà, níbi tí ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà? Modákẹ́kẹ́ kò ní irú ìṣòro yẹn ní 1970.

Kì í ṣe Fáfúnwá nìkan ni irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ mú jáde. Nnamdi Azikiwe àti Kwame Nkrumah gba Lincoln University kọjá ní Pennsylvania, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1854. Azikiwe gboyè níbẹ̀ ní 1930, Nkrumah gba tirẹ̀ nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní 1939. Azikiwe padà wálé, ó dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní 1937, Yábàá ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Ṣómólú. Nígbà tí Yunifásítì Nsukka, tí òun náà dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ó gbé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ gbogbo kan kalẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ka yòówù kí wọ́n wà. Fáfúnwá dé bẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń pè ní GST lónìí, ibẹ̀ sì ni ìbànújẹ́ wà. Ohun tí wọ́n ṣe kí ọmọ ẹnjiníà lè mọ ìtàn, kí ọmọ Sociology lè mọ ọgbọ́n ìjiyàn, ti di gbọ̀ngàn ńlá tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà, àti ìdánwò tí ọmọ fi ń ṣàmì sí A tàbí C. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jáde nínú rẹ̀ láì kọ àròkọ kan ṣoṣo. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ń máàkì ìwé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ṣùgbọ́n òfò ni, ó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe dáadáa nílẹ̀ Áfíríkà kò jìnnà. Patrick Awuah, ọmọ Gánà, kọ́ ìmọ̀ ẹnjiníà àti ọrọ̀ ajé ní Swarthmore, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ gbogbo kan ní Pennsylvania. Ó ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ó padà sílé, ó dá Ashesi sílẹ̀ ní 2002 pẹ̀lú ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kò lè sá fún ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti ìwà ọmọlúàbí. Orí òkè ní Berekuso ló wà báyìí, kò jìnnà sí Àkírà.

Owó ńkọ́? Òtítọ́ ni pé iye tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ń gbà lọ́dún kan lè ra ilé. Díẹ̀ nínú wọn, bí Amherst, kì í wo àpò òbí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó gbà á, wọ́n sì ń san ohun tí ẹbí kò bá lè san. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọlé níbẹ̀ kéré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ọmọ Bàrígà pé ọ̀nà náà gbòòrò. Àwọn tó máa lọ yóò lọ. Àwọn tó pọ̀ jù yóò wà níhìn-ín, Yunifásítì Èkó sì wà ní Àkọkà, géètì rẹ̀ sún mọ́ Bàrígà débi pé ẹni tó ń ta àkàrà lọ́ọ̀kán mọ ìgbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nípa iye tó tà. Ohun tí ọmọ lè ṣe níbẹ̀ láì dúró de ìjọba ni kó lọ jókòó sí kíláàsì tí kì í ṣe ti ẹ̀ka rẹ̀, kó ka ìwé tí wọn kò ní kó kà, kó sì máa kọ ohun tó bá rí. Tíátà pàápàá wà nítòsí: láti 1996 ni Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀, ti ń fi ijó àti eré sọ ìtàn òpópónà Bàrígà.

Àwọn tó wá láti òkèèrè ti fi hàn pé òpópónà bẹ́ẹ̀ tó ìwé kọ. Sandra Barnes, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn láti Amẹ́ríkà, gbé Mùṣín tó wà lódì kejì ojú ọ̀nà Ìkòròdú yẹ̀ wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1986, lórí bí níní ilé ṣe ń sọ àjèjì di ẹni tí àdúgbò ń sá bá. William Bascom, tó ti gbé Ifẹ̀ ṣèwádìí láti 1937, kọ àròkọ lórí èésú ní 1952 tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣì ń tọ́ka sí. Kí a tó wá rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ rí i, Samuel Johnson ti mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. N. A. Fádípẹ̀ náà, ní òpin àwọn ọdún 1930, kọ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù lórí àwùjọ Yorùbá. Ó kú ní 1944, ìwé náà kò sì di títẹ̀ títí di 1970, nígbà tí Ibadan University Press gbé e jáde. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìmọ̀ yẹn fi wà nínú àpótí lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó wà ní Ṣómólú tí ọmọ lè kọ nípa rẹ̀, àjọ ló sún mọ́ ọn jù, nítorí ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èésú ni kí ènìyàn méjìlá máa dá iye kan náà, kí ọ̀kan kó gbogbo rẹ̀, kó yí kárí. Àjọ yàtọ̀: alájọ ló ń yí ọjà ká, ó ń gba iye tí oníkálùkù lè dá lóòjọ́, ó ń ṣàmì sí ojú àpótí kan lórí káàdì, bó bá sì di ìparí oṣù, ó dá owó padà, ó yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kankan kò sí yàtọ̀ sí káàdì yẹn. Ta ló ń fọkàn tán ta, kí ló sì fà á? Kí ni ìyá aláta ń san tó bá jẹ́ pé ó gba tirẹ̀ kó tó pé oṣù? Báwo ni àpù orí fóònù ṣe ń bá alájọ du oníbàárà, ta ni kò sì tíì kúrò lọ́dọ̀ alájọ? Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ káàdì náà, a lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ibi tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ká ní ọmọbìnrin kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì ní Àkọkà, dúró sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá alájọ kan wá gba ẹgbẹ̀rún káàdì tó ní kí wọ́n tẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, èèyàn mélòó lẹ máa ń gbowó lọ́wọ́ wọn lóòjọ́?”

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. “Kí lo fẹ́ fìyẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ yín ni, mà.”

Ìyá fa bẹ́ǹṣì kan sún mọ́ ọn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. “Ó dá lórí ọjọ́. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, gbogbo wọn ló máa ń dá a. Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé, wò ó, àwọn tí mo máa rí ò ní tó ìlàjì. Àwọn elépo ni kì í yẹ̀. Ṣó o ní bírò?”